Yíyí Jíà Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Padà Lẹ́yìn Táyà Ńlá

Bí ẹ bá fi táyà 35 ínǹṣì rọ́pò táyà 31 ínǹṣì lára píkọ́ọ̀pù, ẹ́ńjìnnì yóò máa làágùn kí ó tó gbé ọkọ̀ gòkè. Ojútùú rẹ̀ ni kí ẹ yí jíà ẹsẹ̀ ọkọ̀ padà, ìyẹn jíà tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹ fi ìwọ̀n táyà àtijọ́ pín ti tuntun, kí ẹ sì fi èsì rẹ̀ ṣe ìlọ́po nọ́ḿbà jíà tó wà nínú ọkọ̀ (iye ìgbà tí ọ̀pá tó ń gbé agbára wá ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan): 3.73 yóò di nǹkan bíi 4.21. Èmi yóò mú 4.30, pàápàá fún ẹni tó ń fa ẹrù. Bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń gba agbára, nọ́ḿbà iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Iṣẹ́ tó le jù ni títo eyín jíà. Ẹ fi ọ̀dà ra wọ́n, ẹ yí wọn, kí ẹ wò bóyá ojú ibi tí wọ́n ti ń kan ara wọn wà láàárín eyín, kì í ṣe ní etí rẹ̀. Àlàfo wọn sì gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n tí ẹni tó ṣe jíà náà kọ mu. Ẹ má gbé e fún mẹkáníìkì tó ń fi ojú díwọ̀n. Ẹ má ṣe fa ẹrù ní 800 kìlómítà àkọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì jíà náà.