Michael di bílíọ̀níà, èmi ni mo san owó dátà: ìrírí mi nínú GTA V

Mílíọ̀nù 150 dọ́là ni wọ́n ń ta pápá gọ́ọ̀fù Los Santos, ìlú inú géèmù GTA V. Àbúrò mi ló fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, pé òun ti rà á. Mo lọ wo owó tó wà lọ́wọ́ Michael tèmi, olè tí mo ń jẹ́ nínú géèmù náà: mílíọ̀nù 24. Bẹ́ẹ̀, mo ti parí géèmù o. Mo ti kó wúrà Union Depository, ilé ìpamọ́ wúrà ibẹ̀, kò sí olè ńlá kankan tó kù tí mo lè jà. Ọmọ tí èmi gan-an kọ́ bí wọ́n ṣe ń di páàdì mú ló wá ń bi mí pé, "Bọ̀dá mi, àbí ẹ ti tètè ṣe iṣẹ́ Lester ni?"

Mo ti tètè ṣe é. (Lester ni ẹni tó ń gbé iṣẹ́ fún wọn nínú géèmù náà; màá dé ibẹ̀.) Inú bí mi dé ibi pé mo pa gbogbo rẹ̀ tì, mo sì bẹ̀rẹ̀ géèmù náà láti North Yankton, nínú yìnyín, lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo ṣe ra pápá yẹn ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tó ná mi lójú ayé. Tí mo bá ní kí n ro owó dátà àti ti epo jẹ́n pọ̀, ó ju iye tí mo ra CD géèmù náà lọ, tòkúnbọ̀ sì ni CD ọ̀hún.

Fún ẹni tí kò bá tíì gbá a: oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013 ni GTA V kọ́kọ́ jáde, ti PS4 tí mo ní jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014. Ọkùnrin mẹ́ta lo máa ń jẹ́ nínú rẹ̀. Michael De Santa, ọ̀gá olè tó díbọ́n pé òun ti kú, tó wá ń gbé ilé ńlá ní Rockford Hills pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ méjì tí kò kà á sí. Franklin Clinton, ọmọ àdúgbò Strawberry, tó ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀. Trevor Philips, tó wà ní aṣálẹ̀ Sandy Shores, tí orí rẹ̀ kò pé. O lè fi ọ̀kan sílẹ̀ kí o di èkejì nígbà tó bá wù ọ́: kámẹ́rà á gòkè lọ sójú ọ̀run, á sọ̀ kalẹ̀ síbi tí èkejì wà. Ìgbà kan wà tí mo sọ̀ ka Trevor lórí òkè, ó wọ gáùn obìnrin, kò sì sí àlàyé kankan.

Èmi fúnra mi kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn pé wọ́n jẹ́ mẹ́ta. Àwa tí a gbá GTA San Andreas ti ọdún 2004 ní ilé géèmù, tí a ń fi owó oúnjẹ ilé ìwé san wákàtí kan, CJ, akọni rẹ̀, nìkan la mọ̀. Ebi tó ń pa á ń pa wá. Tó bá sanra, àwa la jẹun. Nínú ti V yìí, mo fẹ́ràn Franklin jù, ṣùgbọ́n kò tíì dé ìdajì tí ìjà Michael àti Trevor fi gba ìtàn mọ́ ọn lọ́wọ́, ó wá dà bí ọmọ iṣẹ́ tó ń gbé àpò tẹ̀lé àgbà méjì tí wọ́n ń jà. Àbúrò mi ní n kò mọ nǹkan kan, pé Trevor ni géèmù náà. Kó máa bá a lọ. Ohun tí n kò lè bá a jiyàn lé lórí ni ogun ìbọn: kí Franklin wà lókè pẹ̀lú ìbọn gígùn, kí Michael wà nísàlẹ̀, kí o máa bọ́ sínú ẹni tí ewu bá dé bá. Ìyẹn dùn. San Andreas kò ní i.

Mo fo ọ̀pọ̀ nǹkan nínú ìtàn yìí o. Wíwa mọ́tò, sísá fún ọlọ́pàá, ríra ìbọn, ẹni tó bá ti di páàdì mú rí kò nílò mi. Méjì péré ni mo fẹ́ ráhùn lé lórí kí n tó dé ibi owó.

Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n ti ní kí Trevor fi ìyà jẹ ọkùnrin kan tí wọ́n so mọ́ àga. Iná mànàmáná, omi, pínsà. Ibi tí mo ti ń fa eyín ẹni ẹlẹ́ni ni ìyàwó mi wọlé bá mi. Ó dúró wò mí, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó yí padà, kò sọ nǹkan kan. Èmi náà kò ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi gbèjà ara mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ṣe é, torí pápá gọ́ọ̀fù.

Èkejì ni olè tí wọ́n jà lára Merryweather, ilé iṣẹ́ ológun aládàáni inú géèmù. Trevor ló gbé e dé. Mo lọ di òṣìṣẹ́ èbúté: mo wa ọkọ̀ tó ń gbé kọ̀ńténà, mo gun kíréènì, mo ya fọ́tò. Mo lọ jí ọkọ̀ abẹ́ omi. Ní alẹ́ ọjọ́ náà Michael de bọ́ǹbù mọ́ ọkọ̀ ojú omi, Franklin ń yìnbọn látorí afárá, Trevor wọ abẹ́ omi lọ gbé ẹrù. A gbé e jáde. Lester dé, ó wo ohun tí a gbé, ó pariwo: ohun ìjà tí ìjọba máa tìtorí rẹ̀ wá wa kàn ni, ẹ dá a padà! A dá a padà. Owó tó wọlé kò tó kọ́bọ̀. Mo ti fi bíi wákàtí mẹ́ta ṣe iṣẹ́ yẹn o. Kódà alágbàṣe á ní kí wọ́n fún òun lówó ọkọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ibi tó ti dùn mí.

Lester ni ọpọlọ wọn. Ó máa ń pe Franklin pé kó lọ pa ọ̀gá ilé iṣẹ́ báyìí tàbí ẹni báyìí, kí ṣíà (ìpín ìdókòwò) ilé iṣẹ́ tó ń bá tiwọn díje lè gbówó lórí. Márùn-ún ni irú iṣẹ́ yẹn. Ti hòtẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ àkọ́kọ́, dandan ni, ìtàn kò ní lọ síwájú bí o kò bá ṣe é. Mẹ́rin tó kù máa dúró dè ọ́, kódà títí géèmù á fi parí. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi. Ní ìgbà àkọ́kọ́, bí Lester bá ti ń pè, mo ti gun ọ̀kadà lọ. Owó tó wà lọ́wọ́ wa nígbà náà kò ju owó ọbẹ̀ lọ. Mo fi ra ṣíà, ó di ìlọ́po méjì, inú mi dùn. Ìlọ́po méjì owó ọbẹ̀, owó ọbẹ̀ náà ni.

Nítorí náà, ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo ṣe ti hòtẹ́ẹ̀lì, mo sì dá mẹ́rin tó kù dúró. Lester ń pè, mi ò dá a lóhùn. Mo parí ìtàn, mo kó wúrà, ẹnì kọ̀ọ̀kan gba mílíọ̀nù tó lé ní 20. Níbi tí wọ́n ti ní kí Franklin yan ẹni tó máa pa, mo mú ọ̀nà kẹta tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ti ní kú. Ìdí mi kì í ṣe àánú: òkú kò lè ra ṣíà.

Mo wá di Michael, mo ṣí íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù rẹ̀, mo wọ LCN, ọjà ṣíà inú géèmù, mo fi gbogbo owó rẹ̀ ra ṣíà Debonaire, ilé iṣẹ́ sìgá tó ń bá Redwood díje. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún Trevor. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún Franklin. Lẹ́yìn náà ni Franklin lọ pa àwọn mẹ́rin tí wọ́n wà lára ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ilé iṣẹ́ sìgá Redwood. Debonaire gbéra, ó fi nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè. Mo tà á. Redwood ti já wálẹ̀ bí ewé nígbà yẹn, mo wá kó gbogbo owó lé e, mo sì lọ sùn. Oorun tí mo ń wí, inú géèmù ni: Michael máa ń sun wákàtí 6, Franklin 8, Trevor 12. Trevor ni mo ń mú sùn. Ibi kan ṣoṣo tó ti wúlò fún mi nìyẹn. Ọjọ́ bíi méjì, Redwood di ìlọ́po mẹ́rin. Owó Michael: ó lé ní mílíọ̀nù 170.

Ká ní mo ní làákàyè, ibẹ̀ ni ǹ bá ti ra pápá gọ́ọ̀fù, kí n pa tẹlifíṣọ̀n, kí n lọ jẹun. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ti sọ pé bílíọ̀nù ni tòun. Mo ní kí n lọ ṣe ti Fruit, ilé iṣẹ́ fóònù inú géèmù, tó kàn nínú iṣẹ́ Lester.

Fruit kò sí lórí LCN. Orí BAWSAQ, ọjà ṣíà kejì, ló wà, BAWSAQ kì í sì í ṣí bí ẹ̀rọ géèmù rẹ kò bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì gidi, ti ojú ayé. Èmi kò ní ju hotspot fóònù lọ. Mo ra dátà 10GB, mo so ó pọ̀. Ojú ìwé kan ni mo fẹ́ ṣí, tí dátà rẹ̀ kò lè tó ti fọ́tò kan. Mo lọ síbi ìdáná lọ wo ẹ̀wà. Nígbà tí mo fi máa padà dé, àtẹ̀jíṣẹ́ ti wọlé: dátà yín ti tán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bí ẹ̀rọ mi ṣe rí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mélòó kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àtúnṣe géèmù wálé láìbi mí. Kò sì gbà á tán. Ìdajì ló gbà. Mi ò rí BAWSAQ, mi ò rí àtúnṣe, mi ò rí 10GB. Ẹ̀wà náà jóná díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ inú sẹ́tìnnì, mo pa gbígba nǹkan wálé fúnra rẹ̀ yìí. Mo ra 5GB. Ìrọ̀lẹ́ ni, gbogbo àdúgbò wà lórí fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń rá pálá. BAWSAQ ní òun kò ṣiṣẹ́. Mo gbé fóònù sójú fèrèsé. Kò ṣiṣẹ́. Mo gbé e sórí àga lórí tábìlì ní fáràńdà. Bàbá onílé ń kọjá, ó bi mí bóyá mo ń retí nǹkan láti òkè ọ̀run.

Mo wá ní dátà òru ló kàn. Agogo méjìlá kọjá díẹ̀, BAWSAQ ṣí gbàrà! Mo ra Fruit fún Michael. Mo di Trevor, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ, iná lọ. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá onílé kan náà kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni tan jẹ́n lẹ́yìn agogo mẹ́wàá. Mo jókòó nínú òkùnkùn pẹ̀lú páàdì lọ́wọ́, dátà òru mi ń lọ, tí agogo mẹ́rin bá lù kò wúlò mọ́. N kò tíì sùn nínú géèmù látìgbà tí mo ti ra Fruit, nítorí náà kò sí èyí tó wọ inú ìpamọ́. Bí iná ṣe padà dé láàárọ̀, Michael ń wò mí pẹ̀lú mílíọ̀nù 170 rẹ̀, bíi pé a kò jọ jí lóru.

Ìtìjú ló parí rẹ̀. Mo di ẹ̀rọ náà sínú báàgì ilé ìwé ọmọ mi, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Bódìjà lọ́dọ̀ àbúrò mi, tó ní ráútà àti ìnfátà. Ó ṣílẹ̀kùn, ó rí báàgì, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín nílẹ̀ níbẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ jókòó, ẹ gbé e síbí." Kò dé wákàtí méjì: Fruit gbé ìdajì lé e, Facade tó ń bá a díje fi díẹ̀ kún un, Vapid, ilé iṣẹ́ mọ́tò, já wálẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ Lester ti ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ó sì padà di ìlọ́po méjì, GoldCoast ti iṣẹ́ ìkẹyìn tì í gòkè. Michael kọjá bílíọ̀nù kan. Mo dìde, mo ṣe àgbà. Mo ní kó wá wò ó. Ó ní òun rí i.

Tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, pa gbígba nǹkan wálé kí o tó tan hotspot, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá ti ra ṣíà, sùn kíá kó lè wọ inú ìpamọ́. Bó bá jẹ́ pápá gọ́ọ̀fù nìkan lo ń wá, Redwood tó o, fi BAWSAQ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Bódìjà.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni mo ra pápá náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan nínú géèmù, èrè rẹ̀ wọlé: nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún 264 dọ́là. Mo mú fóònù, mo fi 264 pín ẹgbẹ̀rún 150. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ 560 kí owó tí mo fi rà á tó padà, ìyẹn bí ọdún mọ́kànlá. Mo fi han àbúrò mi. Ó ní òun mọ̀, pé òun ò tíì gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀ rí láti ọjọ́ tí òun ti rà á.

Èmi lọ gbá tèmi. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ wọ inú omi.