Mo Ṣọ́ Erin Tọ̀sán-Tòru: Ìrírí Mi

Kí n tó sanwó ni mo ti là á yé amọ̀nà pé mo fẹ́ kọ gbogbo ohun tí agbo erin kan bá ṣe sílẹ̀, láti àfẹ̀mọ́jú di àfẹ̀mọ́jú kejì. Ó ní kò séwu. Bí oòrùn ṣe ń wọ̀ báyìí, ó yí ọkọ̀ padà, ó ní owó tí mo san kò kan òru. Inú bí mi gan-an. Ẹranko tó ń fi nǹkan bíi wákàtí 16 sí 18 jẹun lójúmọ́, ṣé ojúmọmọ nìkan ló ti fẹ́ rí wákàtí yẹn kó jọ? Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, fìrí yẹn gan-an ni wọ́n sì fẹ́ gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo tún owó mìíràn san, nítorí n ò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lágbedeméjì.

Ti ọ̀sán ò le. Wọ́n jẹko, wọ́n bó èèpo igi, wọ́n da erùpẹ̀ sára nítorí oòrùn àti kòkòrò, ibi tí ìyá àgbà bá sì kọrí sí ni gbogbo agbo ń tọ̀. Ọmọ kékeré kan wà létí omi tí kò tíì mọ ọwọ́jà rẹ̀ í lò. Ó ń jù ú sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tó sú u, ó kúnlẹ̀, ó ki ẹnu bọ omi.

Oorun wọn ló kó wàhálà bá mi. “Ẹ sáà máa wo ilẹ̀, wọn á dùbúlẹ̀,” ni amọ̀nà ń wí. Òṣùpá mọ́lẹ̀ kedere, mo wo ilẹ̀ títí ojú fi ń ta mí. Ọmọ kékeré dùbúlẹ̀, àwọn àgbà dúró yí i ká, kò sí èyí tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú wọn. Mo béèrè, ó ní kí n ṣe sùúrù. Mo tún béèrè, òun fúnra rẹ̀ ti sùn lọ!

Ó di ìdájí kí n tó pa ilẹ̀ tì, tí mo gbójú sókè. Etí ìyá àgbà, tí kò sinmi láti àárọ̀, ti dúró. Ìrù rẹ̀ ò mì mọ́. Ọwọ́jà rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀, ṣóńṣó rẹ̀ ká sílẹ̀ bí okùn tí wọ́n sọ sílẹ̀. Òòró ló ń sùn. Èmi ni mo rí i, kì í ṣe ẹni tí mo sanwó fún.

Kò sì yẹ kó ṣàjèjì sí i. Àwọn onímọ̀ ti fi ẹ̀rọ kékeré sábẹ́ awọ ọwọ́jà ìyá àgbà méjì ní Chobe, ní Botswana, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde lọ́dún 2017: nǹkan bíi wákàtí 2 péré ni wọ́n ń sùn lójúmọ́, bí ọjọ́ 3 tàbí 4 lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n sì ń dùbúlẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ rí i pé òru wà nínú àdéhùn kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ sùn díẹ̀ lọ́sàn-án kí ojú yín lè dá fún ìdájí, etí àti ọwọ́jà ni kí ẹ sì máa wò.