Bí mo ṣe yọ ère Búdà kúrò nínú spa tí mo yà

Nígbà tí wọ́n ní kí n ya àwòrán spa kan, ìyẹn ilé ìwẹ̀ àti ìfọwọ́ra, ère Búdà ni mo kọ́kọ́ yà. Mo gbé e sáàárín adágún omi lẹ́nu ọ̀nà, ó ga ju èèyàn lọ, iná aláwọ̀ wúrà wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn àlejò á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ síbi ìwẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni mo jókòó sí ya gbogbo èyí. Inú olówó ilé dùn gan-an. Spa ńlá oníyàrá mẹ́fà ló fẹ́ kọ́ sétí odò Chao Phraya ní Bangkok, ó sì ní kí ẹni tó bá wọlé mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àṣà Táílàǹdì àti ẹ̀sìn Búdà ni òun bá pàdé.

Ní Bangkok, lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, mo rí pátákó gàgàrà kan tó ń kìlọ̀ pé Búdà kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Mi ò fi ti ara mi sí i. Àfi ìgbà tí mo tẹ́ àwòrán mi síwájú ìyá tí yóò máa darí àwọn tó ń fọwọ́ ra ara níbẹ̀. Phi ni gbogbo wọn ń pè é, bí àwa ṣe ń pe ẹni tó jù wá lọ ní ẹ̀gbọ́n. Ó wò ó títí, ó ní, “Nong” (ìyẹn àbúrò), “ṣé àwọn tó ti bọ́ aṣọ sílẹ̀ ni yóò máa gba iwájú Búdà kọjá?” Ẹnu mi wọhò.

Lọ́jọ́ kejì ó mú mi lọ sí Wat Pho, tẹ́ńpìlì Búdà kan ní Bangkok. Ère Búdà tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ níbẹ̀ gùn tó mítà 46, ó ga tó 15. Ojú ère ni mo ń sáré lọ wò. Ìdí ẹsẹ̀ ni Phi mú mi lọ. Àmì 108 ni wọ́n fi ìkarahun tó ń dán tò sí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì. Ní ọgbà kan náà ni àwọn òkúta tí Ọba Rama Kẹta ní kí wọ́n gbẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn sí wà, pẹ̀lú àwòrán ara èèyàn àti ojú ibi tí à ń tẹ̀ níbẹ̀. Láti ọdún 2019 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti ka nuad Thai, ìfọwọ́ra wọn yìí, mọ́ àjogúnbá aráyé. Èmi sì rèé, ibùsùn gíga ni mo yà sínú gbogbo yàrá, bíi pé òróró nìkan ni wọ́n fẹ́ fi pa èèyàn lára!

Ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tó ń tẹ ara á kúnlẹ̀, á fi ìgúnpá àti orúnkún ṣiṣẹ́, á sì gbé ìwúwo ara rẹ̀ lé e. Mo kó ibùsùn kúrò, mo tẹ́ tìmùtìmù pẹlẹbẹ sílẹ̀, mo sì fi àyè sílẹ̀ yí i ká kí òṣìṣẹ́ lè rìn.

Ibi tó fún mi lórí fífọ́ jù ni ibi tí orí yóò kọ sí. Ìwọ̀-oòrùn ni apá òkú lójú wọn, alààyè kì í kọrí síbẹ̀ sùn. Yàrá méjì ni mo ti kọ orí àlejò síbẹ̀. Bí mo ṣe yí tìmùtìmù, ilẹ̀kùn náà ní láti yí. Ilẹ̀kùn yí tán, páìpù omi ló kù. Ọjọ́ mẹ́rin ló bá a lọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ nílò ibi tí wọ́n á ti máa júbà olùkọ́ láràárọ̀, pàápàá Jivaka, oníṣègùn Búdà, tí wọ́n kà sí baba iṣẹ́ wọn. Ìsàlẹ̀ ni mo fún wọn, láìmọ̀ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lókè rẹ̀ gan-an. Phi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo gbé e lọ sí àjà òkè pátápátá, níbi tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò lè gba orí rẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ nìkan ni ère Búdà wà báyìí, àlejò kì í dé ibẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà wá ṣófo. Olówó ilé bínú díẹ̀, ó ní àwọn àlejò á máa retí ère. Mo fi ibi ìfọsẹ̀ sí i, nítorí fífọ ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo tún gbé ibi ìdáná ewé wá sí tòsí: atalẹ̀ pupa, ewé tíì, káfúrà àti plai, gbòǹgbò kan tó jọ atalẹ̀, tí wọ́n ń dì sínú aṣọ funfun, tí wọ́n sì ń fi ooru omi sè kí wọ́n tó fi tẹ ara. Òórùn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kí èèyàn. Nínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Phi máa ń to òdòdó lotus, tó jọ òṣíbàtà wa, á fi ọwọ́ ṣẹ́ ewé òdòdó náà po ní ìkọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé náà tán, kí n tó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, Phi ní kí n dùbúlẹ̀ ní yàrá kẹta. Iná àjà ń wọ̀ mí lójú tààrà. Èmi tí mo yà á, mi ò tíì wo òkè láti ilẹ̀ rí. A yọ iná náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.