Owó Ẹgbẹ́ Mẹ́ta Tó Wọlé Tó Tún Jáde

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Houston. Ọjọ́ pẹ́ tí a ti pa sọ̀wédowó tì. Owó ẹgbẹ́ jẹ́ dọ́là 40 lóṣù, báńkì ẹgbẹ́ ló ń fà á látinú àkáǹtì ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ kìíní oṣù nípasẹ̀ ACH, ọ̀nà kan náà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ ń gbà wọ àkáǹtì ní Amẹ́ríkà.

Lóṣù kẹta, gbogbo owó wọlé, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tó di ọjọ́ iṣẹ́ kejì, mẹ́ta padà síbi tí wọ́n ti wá, báńkì tún bu owó ìtanràn lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ mi ti ń yún mi láti tún wọn fà lójú ẹsẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo kọ́kọ́ wo kóòdù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: R03, R01, R10.

R03 ni pé báńkì wá àkáǹtì náà tì. Mo pe bọ̀dá tó ni í, ó ka nọ́ńbà rẹ̀ fún mi. Èmi ni mo kọ 68 síbi tí 86 wà. Nọ́ńbà routing, ẹyọ mẹ́sàn-án tó ń fi báńkì kọ̀ọ̀kan hàn, ní ìṣirò kan nínú tó ń tú irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ fó. Nọ́ńbà àkáǹtì kò ní irú ìṣirò kan tó kárí gbogbo báńkì.

R01 ló mú mi làágùn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé owó kò tó nínú àkáǹtì, Bàbá tó sì ti ṣe alága wa rí ló ni àkáǹtì ọ̀hún. Ta ló máa sọ ìyẹn fún àgbà lórí fóònù? Mo lọ sílé wọn ní Sátidé, mo dọ̀bálẹ̀, a sọ̀rọ̀ ilé títí, mo wá ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ wo ni owó Social Security yín ń wọlé?”

“Ọjọ́rú kẹta oṣù. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù ni wọ́n bí mi.” Bẹ́ẹ̀ náà ni: nínú owó ìfẹ̀yìntì ìjọba yìí, ẹni tí wọ́n bí láàárín ọjọ́ 11 sí 20, Ọjọ́rú kẹta ni tirẹ̀. Nígbà tó bá fi di ọjọ́ kìíní, owó ilé ti gbé e lọ. Kí n tó tún sọ̀rọ̀, Bàbá rẹ́rìn-ín: “Akápò, owó mi ló tán, àbí?”

Òfin ACH fàyè gba kí a tún R01 fà lẹ́ẹ̀mejì sí i láàárín ọjọ́ 180. Mo dúró di ọjọ́ kejì Ọjọ́rú náà, owó sì wọlé. Bàbá fọwọ́ sí ìwé tuntun pé ọjọ́ 25 ni ká máa fa tiwọn.

R10 ló bí mi nínú díẹ̀. Ìyá kan ló sọ fún báńkì pé àwọn kò mọ ẹni tó fa owó náà, bẹ́ẹ̀ ojú mi ni wọ́n ṣe fọwọ́ sí ìwé àṣẹ pé ká máa fà á! Ọmọ wọn obìnrin tó ń bá wọn wo àkáǹtì ló fi ohun tó rí hàn mí. Àyè orúkọ ẹni tó ń fa owó kò gbà ju lẹ́tà 16 lọ, “UNITED SONS AND” nìkan ló sì jáde nínú orúkọ gígùn tí ẹgbẹ́ fi sọ́dọ̀ ìjọba. Ọmọ náà rò pé olè ni. Èmi náà ì bá rò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 60 ni wọ́n sì ní láti fi ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ sùn, nítorí náà owó tí ẹgbẹ́ ti ná lè padà lọ.

R10 kì í ṣe èyí tí èèyàn kàn ń tún fà. Màmá fọwọ́ sí ìwé àṣẹ tuntun, èyí tí mo gbọ́dọ̀ tọ́jú títí di ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá fagi lé e. Wọ́n ka dọ́là 40 ti oṣù náà sí mi lọ́wọ́. Mo ní kí báńkì wa fi ìkékúrú orúkọ ẹgbẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀.

Owó ìtanràn R03, àpò mi ni mo ti san án. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí méjì yòókù nípàdé.