Bí a ṣe ń tú agbọ̀n obì wò láìjẹ́ kí ìbẹ̀rù tàbí ìrètí dí wa lójú

Obì gbànja ni mo ń tà ní Ṣàgámù. Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ Rẹ́mọ là ń rà á sí, àwọn Hausa tó wà ní Sábó sì ń rà á lọ́wọ́ wa, wọ́n ń kó o lọ sókè Ọya. Ẹni tó bá ń ṣòwò yìí mọ ibi tó ti ń le: ṣé kí n tà á báyìí, àbí kí n tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tó bá wọ́n? Èyí tí ọkàn wa bá jí bá láàárọ̀ ọjọ́ náà la sábà máa ń ṣe, a ó wá sọ pé bí ọjà ṣe rí nìyẹn. Ohun tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni mo fẹ́ sọ níbí. Ẹni tí kò ta obì rí náà lè lò ó.

Ẹ kọ́kọ́ tú agbọ̀n náà. Kòkòrò tó ń jẹ obì, láti oko ló ti ń yé ẹyin sí i lára. Obì lè máa dán, kó pupa fòò, kí ìdin sì ti wà nínú rẹ̀. Bí ó bá dàgbà níbi tí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, á dá ihò lu jáde, ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ẹ ó sì rí ìyẹ̀fun bíńtín lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn á ká ewé òkè sókè, á rí obì tó ń dán, á dé e padà. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà á rí ihò kan, ó ti ń pe oníbàárà kó wá kó gbogbo rẹ̀ lọ́pọ̀. Agbọ̀n kan náà làwọn méjèèjì wò. Ẹ bu 50 lókè, 50 láàárín, 50 nísàlẹ̀. Ẹ gbé e síta nínú ìmọ́lẹ̀, ẹ máa yí i lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, kí ẹ ka èyí tó ti lu. Ẹ ṣa á kúrò kó má baà ran ìyókù, ẹ pààrọ̀ ewé. Ìgbà yẹn lẹ tó lè sọ̀rọ̀ owó.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣọ́ ẹnu yín. “Ọjà ti kú” kì í ṣe ohun tí ojú ẹnikẹ́ni rí. Ohun tí ojú rí ni pé oníbàárà méjì ò wá lọ́sẹ̀ yìí. Bóyá ọkọ̀ wọn bàjẹ́ lọ́nà, bóyá wọ́n lọ ṣọdún Iléyá nílé. Ẹ kọ ohun tí ojú rí sí ojú ìwé kan, kí ẹ kọ ohun tí ọkàn ń sọ sí ìkejì.

Ọmọ mi tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè ló sọ ìwádìí kan fún mi tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ní 1967, Martin Seligman àti Steven Maier, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, jẹ́ kí iná mànàmáná máa gbe àwọn ajá kan níbi tí wọn ò ti lè ṣe ohunkóhun sí i. Nígbà tó yá, wọ́n kó wọn síbi tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣáà ti fo ògiri kúkúrú kan, wọ́n á bọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fò. Wọ́n dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Seligman padà wá rí i pé èèyàn tí ọkàn rẹ̀ tètè ń rẹ̀wẹ̀sì máa ń sọ ohun mẹ́ta bí nǹkan bá bàjẹ́: kò ní tán láéláé, gbogbo nǹkan ló kàn, èmi ni mo fà á. Torí náà, bí agbọ̀n kan bá bàjẹ́, ẹ sọ pé “agbọ̀n yìí, lọ́sẹ̀ yìí”. Ẹni tó bá ti sọ pé òwò obì ò yẹ òun ò ní tú agbọ̀n tó kù wò mọ́.

Ìrètí náà ní tirẹ̀, òun ló sì ń ná wa lówó jù ní Rẹ́mọ níbí. Kí ẹ tó tọ́jú obì, ẹ jókòó ti ẹni tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ sọ ọ́ bí ẹni pé ó ti ṣẹlẹ̀: “Òwò yìí ti forí ṣánpọ́n. Kí ló fà á?” Gary Klein, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọ̀nà yìí ní 2007. Bí mo bá ní kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ṣe é, wọ́n á ní, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ìyá, ẹ má fẹnu yín pe ibi!” Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, mi ò sì fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Èmi náà ń gbàdúrà lórí obì mi kí n tó dé e. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó ní bí òní ti rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún, wọn ò ṣaláìnírètí. Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè ni. Bí ẹnu bá ti là, ẹ ó gbọ́: òrùlé jò sórí agbọ̀n, ewé gbẹ, ẹnikẹ́ni ò pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó sì máa ń gbẹ̀yìn jáde ló sábà ń ṣẹlẹ̀ jù: owó ilé ìwé oṣù kìíní dé kí obì tó wọ́n, wọ́n bá gbé e tà bó ṣe wà. Ẹni tó bá ti sọ èyí síta á ya agbọ̀n owó ilé ìwé sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, á tà á nígbà tó yẹ, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ lórí ìyókù.

Ẹ wá ẹni tó dúró lódìkejì náà. Gbogbo wa la gbọ́ ìtàn fìlà Èṣù, tí ọ̀rẹ́ méjì jà lé lórí, tí ọ̀kan rí pupa, tí èkejì rí dúdú, tí kò sì sí èyí tó purọ́. Àgbẹ̀ mọ bí obì ṣe so lórí igi lọ́dún yìí. Àlàájì tó wà ní Sábó mọ bó ṣe ń tà ní Kánò. Èmi tí mo wà láàárín, ìdajì fìlà ni mò ń rí bí mi ò bá pe àwọn méjèèjì.

Ìwé kékeré kan ló kù. Ní 1979, Daniel Kahneman àti Amos Tversky, tí àwọn náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣàlàyé pé àdánù máa ń dun èèyàn ju bí èrè iye kan náà ṣe ń dùn mọ́ ọn lọ. Ìdí nìyẹn tí ọdún kan tí obì bà jẹ́ fi ń bo ọ̀pọ̀ ọdún tó dáa mọ́lẹ̀ lórí wa. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ẹ rántí. Ọjọ́ tí ẹ bá dé agbọ̀n, ẹ kọ iye tí ẹ rò pé ẹ ó tà á. Ọjọ́ tí ẹ bá tà á, ẹ kọ iye tó wọlé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí èyí tó ń wọlé bá ń kéré sí èyí tí ẹ kọ láti ìgbà dé ìgbà, ẹ máa tètè tà. Bó bá ń pọ̀ jù ú lọ, ẹ fi agbọ̀n kan tàbí méjì kún èyí tí ẹ ń tọ́jú lọ́dún tó ń bọ̀.