Marx Kò Sọ Pé Òṣì Ló Ń Sọni Dolè

Bí mo bá ń máàkì àròkọ lórí ojú tí àwọn ọmọlẹ́yìn Karl Marx, onírònú ará Jámánì tó tako ètò ọrọ̀ ajé tí olówó ń darí, fi ń wo ìwà ọ̀daràn, gbólóhùn kan kì í wọ́n níbẹ̀: "Marx ní òṣì ló ń sọni dolè." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ mọ́.

Ohun tí Marx ń bèèrè ṣáájú ìyẹn: ta ló kọ́kọ́ pe nǹkan náà ní olè? Ní 1842, ọmọ ọdún 24 ni, ó ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn Rheinische Zeitung nílùú Cologne ní Jámánì, lórí àríyànjiyàn tí ilé aṣòfin agbègbè Rhine ṣe nípa igi jíjí. Tálákà ti ń ṣa ìṣẹ́pẹ́ nínú igbó tipẹ́, wọ́n fi ń dáná. Òfin tuntun fẹ́ kí wọ́n pè é ní olè. Marx ní ẹni tó gé igi tútù mú nǹkan onígbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ka gbígbẹ tó ti já bọ́, igi fúnra rẹ̀ ló jù ú nù. Kí ni wọ́n wá jí? Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni pé ẹ̀ṣọ́ igbó tó mú èèyàn, ọmọ iṣẹ́ onígbó, òun náà ni yóò díye lé igi tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́pẹ́ àná náà ni ti òní; òfin ló yí padà.

Ẹ má sì fi àpilẹ̀kọ yẹn ṣe gbogbo èrò rẹ̀. Ní 1859, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ igi yẹn wà lára ohun tó kọ́kọ́ mú òun yíjú sí ọ̀rọ̀ ajé. Kò kọ odidi ìwé kan lórí ìwà ọ̀daràn rí. Willem Bonger, onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn, ará Netherlands, ló ṣe ìyẹn ní 1905. Òun náà kò dá òṣì nìkan lẹ́bi, ó ní ètò ọjà ń sọ olówó àti tálákà di onímọ-tara-ẹni-nìkan.

Gbólóhùn kejì tí ẹ máa ń kọ, "Gbogbo òfin ló ń na tálákà", ńkọ́? Òfin ààbò níbi iṣẹ́ á tú yín fó, torí òṣìṣẹ́ ló ń dáàbò bò. Èsì Frank Pearce, onímọ̀ ọmọlẹ́yìn Marx, ni kí ẹ mú lọ: òfin bẹ́ẹ̀ náà ń ṣe ọ̀gá láǹfààní, torí òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ le ló ń mú èrè wọlé, ọ̀gá á sì dà bí aláàánú lójú ayé.

Edwin Sutherland, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó sọ̀rọ̀ olè àwọn ẹni ńlá inú ọ́fíìsì ní 1939, kì í ṣe ọmọlẹ́yìn Marx. Ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín wọn kí báírò pupa mi tó débẹ̀.