Oògùn Sitẹ́rọ́ọ̀dù àti Agbára Tí A Fi Ń Ṣiṣẹ́ Oko

Bí àsìkò kajú bá dé ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ̀yìn ń roni láti àárọ̀ di alẹ́, ọ̀pọ̀ a máa yà sí kẹ́mísìtì lọ ra oògùn ara ríro tí wọ́n pò pọ̀ sínú ọ̀rá. Hóró kékeré kan lè wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ prednisolone tàbí dexamethasone. Sitẹ́rọ́ọ̀dù nìyẹn. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn tó ń gbé irin ń lò kí igẹ̀ wọn lè tóbi o. Ìyẹn ń mú ẹran ara pọ̀. Èyí ń jẹ ẹ́.

Ara wa fúnra rẹ̀ ní irú rẹ̀, kọ́tísọ́ọ̀lù, tó ń ti orí kíndìnrín wá. Ó máa ń pọ̀ láàárọ̀ àti nígbà iṣẹ́ àṣekára, kí ṣúgà àti ọ̀rá lè jáde sínú ẹ̀jẹ̀ fún ara láti fi ṣiṣẹ́. Iye tí ara ń ṣe lójúmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju prednisolone mílígíráàmù 5 lọ.

Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ àkọ́kọ́ fi máa ń dùn. Ìrora a lọ, orí a yá, oúnjẹ a wọlé, àgbẹ̀ a ní òun ti padà di ọ̀dọ́. Kódà WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti lílo oògùn nínú eré ìdárayá, ka gbígbé e mì àti gbígba abẹ́rẹ́ rẹ̀ léèwọ̀ lásìkò ìdíje. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dun ẹ̀yìn kò tíì san. Ẹni tí ara rẹ̀ kò kìlọ̀ fún mọ́ a sì máa gbé ẹrù tí kò yẹ kó gbé.

Bó bá di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ẹran itan, ìdí àti apá lókè ló kọ́kọ́ ń jẹ, kì í sì í sábà dunni, ìyẹn la kì í fi í tètè mọ̀. Ẹ kíyè sí bí ẹ ṣe ń dìde lórí àpótí: ṣé ẹ ń fọwọ́ ti orúnkún kí ẹ tó lè nàró? Ṣé gbígbé garawa sórí ti di ìjà? Ẹ̀yin tó ń lò ó torí kí ẹ lè sanra, omi àti ọ̀rá lẹ ń rà, ẹran ara lẹ fi ń san owó rẹ̀.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ a máa ga, ẹ̀jẹ̀ a ru, egungun a bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ láti oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá lò ó pọ̀ mọ́ ibuprofen, ó lè dá ọgbẹ́ sínú. Bó bá jẹ́ ciprofloxacin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, ni, iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ lè já.

Síbẹ̀, oògùn àtàtà ni. Ó ń gba ẹ̀mí ẹni tí ikọ́ fée gbé mú là.

Ibi tó le jù nìyí: ẹ má dá a dúró lójijì. Bí ẹ bá ti lò ó ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 lọ, ara lè ti dẹ́kun ṣíṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá já a sílẹ̀ lọ́jọ́ kan lè máa bì, kí òòyì kọ́ ọ, kó dákú sóko. Ẹ mú ọ̀rá oògùn náà, pẹ̀lú hóró tó kù nínú rẹ̀, lọ sí ilé ìwòsàn LAUTECH, Bowen, tàbí èyí tó sún mọ́ yín, kí wọ́n bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tí dókítà ní kó máa lò ó pẹ́, kó gbé e láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, kó má baà dí oorun alẹ́ lọ́wọ́. Kó má jókòó gbélé: kó máa rìn, kó sì máa dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan, ìgbà 8 sí 10, kó sinmi, kó tún ṣe é. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti wàrà ni kó fi kún oúnjẹ. Kó dín iyọ̀ kù, kó sì dín òkèlè kù. (Mo mọ̀ pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń sọ fún.)

Oògùn yìí lè bo ibà mọ́lẹ̀ nígbà tí àìsàn ti wọra, ọgbẹ́ àdá sì lè pẹ́ kó tó jiná. Ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ ń lò ó, pàápàá bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún yín.